Ọkọ̀ Idẹ Tí Ràṣídì Rán Lọ sí Oǹdó

Ojú irin kò dé Àkúrẹ́ rí, kò sì dé Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè rélùwéè yóò wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, bó bá sì débẹ̀, kó máa gbàdúrà pé kí ọkọ̀ wá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì Àdìgún, nítòsí Ọjà Ọba, fi máa ń dúró wo inú àpótí onígíláàsì rẹ̀, tí wọ́n á mi orí, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Aago ni wọ́n kọ sára pátákó pé ó ń tún ṣe. Ohun tí ojú wọn ń rí jẹ́ ọkọ̀ ojú irin kéékèèké mọ́kànlélógún, tí èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ.

Kì í ṣe irú ọkọ̀ ojú irin tí ọmọ ilé ìwé máa ń yà sínú ìwé o. Ràṣídì kò ka ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí nǹkan kan. Àwọn tí òyìnbó ayé àtijọ́ kọ́kọ́ fi dán irin wò ni tirẹ̀, àwọn àràmàǹdà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀kan wà tí ẹṣin wà nínú rẹ̀, tí ẹṣin náà ń rìn lórí pákó tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pákó yìí ló sì ń yí wíìlì: ẹṣin á rìn títí, kò ní kúrò lójú kan, ọkọ̀ ló ń lọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ta aṣọ sí lórí, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé e lọ lórí irin. Bí wọ́n bá gé gígùn ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọ̀nà kan nínú rẹ̀ ni gígùn ti Ràṣídì. Àmínátù ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun fẹ́ awakọ̀ tí kò gbé èrò, tí kò gbé ẹrù, tí kò sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dalẹ́.

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Ràṣídì sí, ṣùgbọ́n nítorí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ta abẹ́rẹ́ àti òwú, ó pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, wọn ò tíì yé pè é ní ará Ògbómọ̀ṣọ́. Kò bá wọn jà sí i. Aago ló kọ́, aago ló ń jẹ, títí fóònù fi dé tó ń sọ iye tí aago lù fún olówó àti tálákà. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo tó, tó fi ráyè kọ́ ọkọ̀.

Òun nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọ. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Tíṣà Johnson Akíndùró, ọmọ bíbí Oǹdó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní yíya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ. Aago ògiri bàbá rẹ̀ ló gbé wá tún ṣe lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ sì wọ̀ láàárín wọn. Jesse, àkọ́bí Tíṣà tó wà lókè òkun, ló máa ń fi páálí ọkọ̀ ránṣẹ́. Nínú páálí náà, ẹ ò ní rí ju ìwé idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, tí wọ́n ti ya ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn sí lára. Ràṣídì á fi awò kékeré tí àwọn alágo ń fi sójú kan wò ó, á gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi fáìlì rẹ́ ẹnu wọn, á fi ẹ̀mú tẹ̀ wọ́n, á sì fi léèdì jó wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà, á fi òwú dì í sínú agolo bisikíìtì, á sì gbé e fún Adébùsóyè, awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Tíṣà ló ń kùn ún lọ́dà, tó sì ń kọ nọ́ńbà tíntìntín sí i lára.

Àmọ́ Tíṣà kì í kàn kun nǹkan. Tíṣà ni, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní láti kọ́kọ́ máàkì iṣẹ́ náà. Bí igun kan bá wọ́, á dá ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìwé tó fi báírò pupa kọ: "Ràṣídì, ṣé o tòògbé ni? Márùn-ún nínú mẹ́wàá. Tún un ṣe." Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi bára wọn ṣe é, Ràṣídì kò gba ju méje lọ rí. Yóò bú Tíṣà ní kọ̀rọ̀, yóò tú ọkọ̀ náà, yóò tún un ṣe. Kò tíì sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí pé ìwọ̀sí yìí dùn mọ́ òun.

Àmínátù kú nínú oṣù ààwẹ̀ èṣí. Ẹ̀jẹ̀ Ràṣídì ru, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà wá sọ fún Hameedat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pé bó bá fẹ́ kí bàbá rẹ̀ pẹ́, kó má jẹ́ kó gbọ́ ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́ mọ́. Hameedat gba ọ̀rọ̀ náà bí òfin. Ní tirẹ̀, Tíṣà gbé páálí tuntun ránṣẹ́: ọkọ̀ kan tí ẹ̀rọ tó ń fi èéfín ṣiṣẹ́ àti ibi ìjókòó èrò wà nínú ilé kan náà, tí ìkòkò omi gbígbóná dúró lóòró lẹ́yìn awakọ̀. Ó pè é lórí fóònù pé, "Jókòó ti iṣẹ́ yìí, Ràṣídì. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dí, ẹkún rẹ̀ á dínkù."

Oṣù márùn-ún ni Ràṣídì fi ṣe é. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́, ọ̀tún náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ́. Ó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un jó, kò tọ́. Ó dì í bẹ́ẹ̀ fún Adébùsóyè, ó sì ń retí báírò pupa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò gbúròó. Ó pe fóònù Tíṣà, Moríyọ̀, ọmọbìnrin Tíṣà tó ń bá a gbé, ló gbé e.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Àkúrẹ́. Dádì ti lọ sí Àbújá lọ kí àwọn ẹbí. Wọ́n gbàgbé fóònù sílé ni."

Ọ̀sẹ̀ kejì, Àbújá náà ni. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, obìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar gbé aago wá láti Oǹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ràṣídì bi í bóyá ó mọ ìgbà tí Tíṣà ń bọ̀ láti Àbújá.

"Àbújá bíi báwo? Mo rí wọn lánàá, bàbá. Wọ́n jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n fi aṣọ bora, mo sì kí wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ràṣídì lára. Ká ní ó farabalẹ̀ ni, ì bá bi ara rẹ̀ pé kí ni ènìyàn ń fi aṣọ bora sí lọ́sàn-án gangan. Kò farabalẹ̀. Ohun tó rò ni pé Tíṣà ti rí ilẹ̀kùn wíwọ́ náà, ó ti mọ̀ pé ojú òun ti parí, kò sì fẹ́ bá afọ́jú opó ọkùnrin ṣe mọ́. Ó fi ìbínú ti ṣọ́ọ̀bù. Ó jáde lọ sí gáréèjì, ó bá Adébùsóyè níbi tó ti ń kó èrò.

"Lọ sọ fún Johnson," ó ní, òun tí kò pè é ní orúkọ lásán rí láyé, "pé kó dá ọkọ̀ mi padà. Sọ fún un pé mo ti sin ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ kò lè nira láti sin. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ni kí o ṣe jẹ́ ẹ."

Adébùsóyè wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ràṣídì ti yíjú padà.

Ẹyin lohùn. Kó tó délé ló ti ń wu ú kó lọ dá ọkọ̀ Adébùsóyè dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, Hameedat gba fóònù rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ tún un ṣe, kò sì dá a padà mọ́. Ràṣídì kò béèrè. Ojú ń tì í láti pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ. Tíṣà fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Òun ló tọ́ kó lọ dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì ní òun fẹ́ lọ sí Oǹdó ni Hameedat ń rí ìdí tí kò fi yẹ kó lọ: òjò, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀nà tó bàjẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agolo bisikíìtì dé. Ọmọ mọ́tò kan ló gbé e wá, Adébùsóyè kò wá fúnra rẹ̀. Ràṣídì tú òwú. Wọ́n ti kun ọkọ̀ náà, pupa rẹ̀ jinlẹ̀, òkè rẹ̀ funfun. Ìwé kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, báírò pupa ni, ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà náà ni: "Ràṣídì, iṣẹ́ yìí dára gan-an ni. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. O kú iṣẹ́."

Inú Ràṣídì dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tíṣà ti dárí jì í. Ó fi ìwé náà han Hameedat. Hameedat kà á, ó ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá," ó sì yára wọ ilé ìdáná lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wọ ṣọ́ọ̀bù dáadáa, ó fi awò sójú ọ̀tún, ó gbé ọkọ̀ náà súnmọ́ ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wọ́. Wọ́n kùn ún bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rọra fi ọ̀dà kọjá lórí àléébù náà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìwé, ó tún wo ilẹ̀kùn. Kò sí bí Tíṣà Johnson ṣe lè wà láàyè kó fún irú ilẹ̀kùn yẹn ní mẹ́wàá. Ràṣídì bọ́ awò lójú. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì bọ́ sí gáréèjì.

Nígbà tí Adébùsóyè rí i, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un, kò sì dúró kó èrò. Wọ́n kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Oǹdó, Ràṣídì rí sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Tíṣà, táìlì ara rẹ̀ ṣì ń dán. Moríyọ̀ jáde, ó rí wọn, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Kíndìnrín wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Èmi àti Hameedat la jọ sọ pé ká má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ̀rù yín ló ń bà wá."

"Ìwọ lo kọ ìwé yẹn?"

"Èmi ni. Èmi náà ni mo kun ọkọ̀."

"Ọjọ́ wo ló kú?"

"Ọjọ́rú, Bàbá. Ọjọ́rú, nínú ọ̀sẹ̀ tí Peculiar wá sọ́dọ̀ yín."

Ràṣídì ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló ránṣẹ́. Ọjọ́rú ló kú. Wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sí níbẹ̀, kò da erùpẹ̀ sí i, èyí nìkan tó ohun tí yóò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń pa á ní wákàtí yẹn. Ó yíjú sí Adébùsóyè.

"Adébùsóyè, ṣé o jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ?"

Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mi ò jẹ́ ẹ, Bàbá. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ẹ ní kí n kí wọn, pé ẹ ní kí ara wọn ó yá."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí," Moríyọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀. Dádì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ràṣídì mà ṣeun."

Ìdáhùn tó ń wá nìyí. Kò sí ohun mìíràn láyé tó fẹ́ gbọ́. Ó wo ojú àwọn méjèèjì, ojú tó mọ́, ojú tó ṣàánú rẹ̀, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ojú wọ̀nyí àti èyí tí Hameedat ti fi ń wò ó láti oṣù méjì.

"Moríyọ̀, ṣé wàá búra?"

Moríyọ̀ dìde, ó wọlé, ó gbé Bíbélì bàbá rẹ̀ jáde, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì búra, kò tiẹ̀ gbọ̀n. Ràṣídì mi orí. Ọmọ tó lè fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ tó ti kú nítorí kí òun má baà kú, ọmọ náà lè búra nítorí ohun kan náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Adébùsóyè dìde nílẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbé òun padà sí Àkúrẹ́.