Etí Léèsì Ìyá Wọn

Kí tọmọdé tàgbà ó gbọ́: obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníléèsì kì í dáhùn ìbéèrè tí kò bá wù ú. Abẹ́rẹ́ oníkọ́ tó fi ń hun léèsì ni yóò kì bọ ẹnu, yóò fi eyín dì í mú. Ta ló máa ní kí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu máa wí?

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó kọ́ òun ní bátànì tó jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, abẹ́rẹ́ dẹ́nu nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni kò rí lé dànù, torí ìyẹn mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ bí olè tọ́wọ́ tẹ̀. Ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìlà ìparí, níbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti máa fo ojú ìhun kan kí etí léèsì lè yọ ṣónṣó bí ẹnu ewé, ó ní kó má fo nǹkan kan. Etí léèsì àbúrò so rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí etí àgùntàn. Ẹ̀gbọ́n ní kó máa fara balẹ̀, pé ọwọ́ ni kò tíì dá.

Àbúrò ò láhun. Ó kọ́ ará ilé, ó kọ́ ará ọ̀nà, títí gbogbo tábìlì àdúgbò fi wọ léèsì elétí àgùntàn. Ẹ̀gbọ́n a máa rẹ́rìn-ín sínú. Èyí tóun hun ti bá àwọn tó rà á lọ. Ojúlówó ku ẹyọ kan, aṣọ tábìlì tí ìyá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ hun.

Nígbà tó yá, awọ bo ẹ̀gbọ́n lójú, kò ríran mọ́. Aṣọ náà sì ya láàárín. Kò rí i dí mọ́, ló bá gbé e fún àbúrò.

Àbúrò dí i tán, ó dá a padà, ó tẹ́ ẹ lé e lórí itan. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wá etí aṣọ lọ. Etí àgùntàn ló bà.

“Kí lo ṣe sí i?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá wa ṣàṣìṣe? Wọ́n kàn ń fo ojú kiri bí ẹni ń fo kòtò. Mo tú ìlà yẹn dànù, mo tún un hun bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́.”

Bó bá ní kó tún un tú, yóò ní láti sọ ẹni tó kọ́kọ́ yí bátànì náà padà. Bó bá dákẹ́, bátànì ìyá rẹ̀ yóò bá a wọlẹ̀. Ó táràrà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ba abẹ́rẹ́, ó sì kì abẹ́rẹ́ náà bọ ẹnu.

“Ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́,” àbúrò wí, ó ń wò ó lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà ẹ gbà á rò: ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, báwo ló ṣe máa kí èèyàn kú iṣẹ́?