Ọláìyá Tó Ń Bá Òkú Ná Ọjà

Kò sí alààyè tó borí olóògbé Ebenezer Ọláìyá rí nínú ọjà níná, láti Òmù-Àrán títí dé Bàbáńlá. Òkú kan ṣoṣo ló borí rẹ̀, Esie sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn.

Ìkòkò tíì ló lọ rà. Fàdákà ni, iṣẹ́ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìjọba lórí wa ló fi ta kúùkù rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Kúùkù náà, Bàbá Abdulkadir, ti kú tipẹ́, ìkòkò tíì sì ti bọ́ sọ́wọ́ Sódìq, ọmọ ọmọ rẹ̀. Sódìq dá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lé e. Ọláìyá kò bá a jiyàn. Ó kàn pòṣé gígùn kan láti igun ẹnu rẹ̀, ó sì gbójú sókè bí ẹni pé ojú ń ti òun fún ọmọ yẹn. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa pòṣé tán, ìkòkò tíì ti di ogójì ẹgbẹ̀rún.

Sódìq gba owó, ó tì í bọ àpò. Ó rò pé ọjà ti parí. Ọláìyá kò lọ.

"Níbo ni sààréè Bàbá wà?"

"Sààréè bàbá wo?"

"Bàbá tó ni ìkòkò tíì."

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn. Ọláìyá ṣí fìlà, ó gbé ìkòkò tíì dání, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ǹ lẹ́ o, Bàbá Abdulkadir. Èmi Ebenezer, ará Òmù-Àrán ni. Ọmọ ọmọ yín ti ta ìkòkò tíì yín fún mi ní ogójì ẹgbẹ̀rún. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé ọsàn kan kò mì.

"Ó kéré lójú wọn," ni Ọláìyá wí. Ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó fún Sódìq, ó sì tún béèrè. Òkú kò fọhùn. Ó tún yọ márùn-ún. Sódìq, tó ti rò pé orí bàbá yìí dàrú, wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn orí tó dàrú. Àwọn ará ilé ti pé jọ. Ojú ará Esie ti mọ́ ère òkúta tó jókòó bí ènìyàn tí kì í fọhùn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò sá. Nígbà tí owó di ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, ìdérí ìkòkò tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọláìyá dédé pa dé, pàkà! Kò sí atẹ́gùn. Ọwọ́ Ọláìyá kò sì kàn án.

Orí gbogbo wọn wú. Ọláìyá nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbà," ó ní.

Sódìq dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú sààréè. "Bàbá àgbà! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kánjú?"

Rúùtù, ìyàwó Ọláìyá, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìdérí yẹn kò sì tíì yé e títí di òní. Ìtàn náà ló ń rò ní àárọ̀ Sátidé tí oníbàárà fàdákà kan ń bọ̀ láti Ìlọrin. Àràmídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wá oníbàárà náà kàn. Ó ní kí wọ́n ta gbogbo fàdákà tí bàbá fi sílẹ̀, kí wọ́n ti ilé pa, kí màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọmọ tó tọ́jú ìyá rẹ̀ kò jẹ̀bi. Rúùtù ni kò fẹ́ lọ. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ ẹni pé òkú lòun kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Òkú ọ̀hún kì í ṣe òkú lásán. Akọ̀wé yàrá ìkẹ́rùsí ni Ọláìyá jẹ́ ní ilé ìwé ìjọ kan kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé, lójú tirẹ̀, kò sí láyé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fàdákà jọ, ó ra ìwé ńlá eléèpo líle, ó fa ìlà sí i. Ọjọ́ tó rà á, ìlú tó ti rà á, iye tó san, bó ṣe wúwo tó, àti àmì kéékèèké tí àwọn alágbẹ̀dẹ òyìnbó lù sí i lára. Kìnnìún tó ń rìn lọ, ojúlówó fàdákà nìyẹn. Ìdákọ̀ró ọkọ̀, Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí àmọ̀tẹ́kùn, London. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ló wá kọ èyí tó jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan: "Òkú gbà," tàbí "Òkú kò tíì gbà."

"Bàbá Àràmídé," Rúùtù bi í nígbà kan, "ta ló fẹ́ wá yẹ ìwé yìí wò?"

"Àwọn tó ni í ni."

"Níbo ni wọ́n á jókòó sí?"

Ọláìyá wo àga mẹ́rin tó wà ní pálọ̀. "Ìdí tí mo fi ní kó o má ta èyí tó gé lẹ́sẹ̀ nìyẹn."

Ó gbà pé ṣíbí tó bá ti ń kan ètè ènìyàn láti ọdún dé ọdún ti mọ ẹni náà, a kò sì gbọdọ̀ kàn gbé e lọ bí ẹni gbé adìyẹ. Ìgbàgbọ́ yìí wúlò fún un. Ọkùnrin kan, Success, gbé fọ́ọ̀kì tó kún àpò wá láti Òkè-Onígbìn. Ọláìyá fi awò wò wọ́n, ó fi ọ̀kan lu tábìlì, ó tẹ́tí sí i. "Awọ rẹ̀ nìkan ni fàdákà," ó ní. "Irin mìíràn ló wà nínú."

"Irọ́ ni, sà! Bàbá bàbá mi sọ kí wọ́n tó kú pé fàdákà paraku ni!"

"Kò burú. Jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Success ti gbọ́ nípa Esie. Ó kó àwọn fọ́ọ̀kì rẹ̀ láìdágbére, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù ba Rúùtù kò sí lẹ́yìn odi, inú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ló wà. Ṣíbí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fín J. W. sí lára. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àràárọ̀ ni Ọláìyá máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Mísítà J. W."

"Ṣé ó dá ọ lóhùn?" Rúùtù á pariwo láti ilé ìdáná.

"Òyìnbó kì í dáhùn kó tó mu tíì."

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n jí, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Ọláìyá níbi tó máa ń wà. Orí tábìlì ni ṣíbí J. W. wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tí ẹnikẹ́ni kò gbé kalẹ̀. Ife náà gbẹ. Ṣíbí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Rúùtù bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, kò sì ṣíwọ́ títí tó fi kà dé ibi tí kò mọ̀ sórí. Ọláìyá ní tirẹ̀ wá gègé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: "J. W. jáde láàárọ̀ yìí. Ó ti padà." Lẹ́yìn náà ló ní kí Rúùtù se omi gbígbóná, nítorí àlejò ni àlejò í jẹ́.

Ọláìyá kú nínú ọyẹ́ tó kọjá, lórí àga tó ti máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ dán fàdákà. Rúùtù rò pé ó sùn ni. Ó bu oúnjẹ rẹ̀, ó dé e, ó ní kí òun má jí i. Àánú ara rẹ̀ ṣì ń ṣe é lórí oúnjẹ yẹn.

Aminullah, oníbàárà láti Ìlọrin, dé kí oòrùn tó mú. Ọmọlúàbí ni. Ó kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Bàbá, ó wá jókòó ti àwọn fàdákà. Ó fi awò wò wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó ka ìwé Ọláìyá, ó ń mi orí. Iye tó dárúkọ jọjú tó bẹ́ẹ̀ tí Àràmídé fi dìde dúró.

"Ó dára, Àlàájì," ni Rúùtù wí. "Ó ku ẹnì kan tí a máa bi."

"Kò sí wàhálà, Màmá. Ẹ pè wọ́n wá."

"Àwa la máa lọ bá wọn."

Sààréè Ọláìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ti lẹ táìsì sí i. Nígbà tí Àràmídé rí ibi tí wọ́n dorí kọ, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí." Ṣùgbọ́n Aminullah ti ṣí fìlà. Ọjà àtijọ́ ló ń tà, ó ti rí oríṣiríṣi. Ó lóṣòó, ó kí sálámà, ó sì sọ iye tó dá.

Ibẹ̀ dákẹ́.

"Wọn ò gbà," ni Rúùtù wí.

Aminullah fi kún un. Ibẹ̀ tún dákẹ́. "Wọn ò gbà."

"Màmá, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọkọ mi ni. Mo mọ oríṣiríṣi dídákẹ́ wọn."

Aminullah rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi ìwọ̀nba owó táṣẹ́rẹ́ kan lé e, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Ẹnì kan pòṣé. Ó gùn, láti igun ẹnu wá, ó sì sún mọ́ wọn.

Aminullah wo Rúùtù. Rúùtù wo Àràmídé. Àràmídé ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ta ló pòṣé?" ni Aminullah bi wọ́n, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Kò dúró gbọ́ èsì. "Mo fi ìlọ́po méjì lé e, Bàbá! Ẹ má bínú!"

Rúùtù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, kó tó wá mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Láti inú ọyẹ́ ni kò ti gbọ́ òṣé yẹn sétí, òun tí òṣé náà ti ń bí nínú láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

"Wọn ò gbà," ó ní.

"Màmá, ẹ gbà mí. Iye wo ni wọ́n máa gbà gan-an?"

Rúùtù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sààréè. "Kò sí iye kan, Àlàájì. Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kẹ́ ẹ rin ìrìn àjò. Bí ẹ bá sanwó, tí wọ́n sì gbà, ọjà parí nìyẹn, wọ́n á máa lọ. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tíì tà, kì í kúrò ní ìsọ̀. Mi ò tíì fẹ́ kí wọ́n lọ."

Àràmídé wá jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí táìsì, ó gbé orí lé e léjìká.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nìyẹn?"

"Ẹ ò ní lọ mọ́, Màmá. Èmi ni màá máa wá."

Aminullah dé fìlà rẹ̀ padà. Kò bínú. Ó fi ọwọ́ nu eruku orúnkún, ó sì dojú kọ sààréè bí ẹni ń dágbére fún àgbà ọlọ́jà. "Bàbá, mò ń ná ọjà kan lọ́wọ́ ní Àrán-Ọ̀rin. Bí mo bá ń kọjá, màá máa yà kí yín."

"Ẹ má tíì lọ, Àlàájì," ni Rúùtù wí. Ó ti nu ojú, ṣùgbọ́n kò dìde. "Iṣu wà lórí iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dákẹ́."