Ìlà Tí Mo Fò Nínú Lẹ́tà

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí tí ọ̀rẹ́ mi gba sikọ́láṣíìpù Amẹ́ríkà tí àwa méjèèjì jọ du. Ní Sùúrùlérè, mo ka lẹ́tà rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní igbó tí àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ń gé bí ọ̀tá ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe ìwọ́de lé lórí báyìí, pé kí ẹnikẹ́ni má gé e mọ́.

“Torí igi?” Màmá rẹ́rìn-ín. “Ṣé wọ́n ń yin ọmọ mi?”

“Kò sọ ọ́, Mà.”

Mo ti fo ibi tó ní iṣẹ́ òun lórí ọ̀rọ̀ náà ló dára jù ní kíláàsì. Mi ò kórìíra rẹ̀. Owú ni mò ń jẹ.

Ojú Màmá fà ro. Ojú tì mí, mo bá ka ibi tí mo fò.

“Tún un kà,” ló wí.