Bàtà Bíríkìlà

Bàtà tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀ ni wọ́n fi mú bàbá ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo ṣì kéré nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní Ìdímù níbí.

Ará Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì ẹnubodè ni ọkùnrin náà, bíríkìlà, kò sì ní ìwé ìgbélùú. Ọmọ Ìdímù ni ìyàwó rẹ̀, ibí náà ni wọ́n bí àwọn ọmọ wọn sí. Òun ló mọ ògiri ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé. Síbẹ̀, bàtà rẹ̀ kì í wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tiwa ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ìyá mi, tíṣà ará Èkìtì, ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá Tíṣà, bàtà ọkọ mi ti fẹ́ yín o!”

“Kó ṣáà rọra máa sùn, jàre.”

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, wọn kì í ṣàlàyé fún ọmọdé láyé ìgbà yẹn. “Má gbé e kúrò níbẹ̀” nìkan ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fọ bàtà gbogbo ilé. Mo ha sìmẹ́ńtì kúrò lára tirẹ̀, mo sì sá a sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè yìn mí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì tó ń wá àwọn tí kò níwèé kiri ló kọ́kọ́ rí i.

“Ọkọ mi ò sí nílé,” ni obìnrin náà wí. “Ó rìnrìn àjò, ó ti pẹ́.”

Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bàtà náà. “Ó ti pẹ́ tó lọ, omi ṣì ń kán lára bàtà rẹ̀?”

Bàbá onílé sáré jáde. “Ọ̀gá, ọmọ ilé yìí ni o! Òun ló mọ ògiri tí ẹ fara tì yẹn.”

“Bàbá, ògiri kì í ṣe ìwé.”

Ọkùnrin náà jáde fúnra rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tútù náà, ó wò mí. “O ṣé, ọmọ mi. Ó mọ́.”

A ò rí i mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò bá mi jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàtà tirẹ̀ náà wọlé.

Lónìí, géètì ni kálukú ń tì. A ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí wa, ká má tíì sọ pé bàtà rẹ̀ á sùn lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kan láti Tógò ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ọmọ Igando. Láàárọ̀ yìí, mo gbé bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àwọn aláṣẹ ti kéde pé láti ọjọ́ Ajé, àwọn yóò máa wọ ilé dé ilé, ìwé nìkan làwọn sì máa wò.