Èènì Ni Lésà

Ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn bí èrìgì lásán ṣe lé mi láti Berlin dé Hamburg lọ́dún tó kọjá.

Èmi tí mò ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Moabit, ní Berlin, ẹnu ni mo fi ń jẹun, ẹnu náà ni mo fi ń tajà. Àfi bí eyín iwájú mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tí pákò bá kan èrìgì báyìí, ẹ̀jẹ̀. Ahọ́n mi ò sì sinmi mọ́, gbogbo ìgbà ló ń lọ wò ó bóyá eyín náà ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà eyín ní Berlin ní àrùn ti jẹ wọ abẹ́ èrìgì. Ó ní òun á là á, òun á fọ abẹ́ rẹ̀, òun á sì rán an padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín á bọ́. Rán kẹ̀? Ṣé aṣọ ni mí? Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Irọ́ ni o, mo sá lọ ni.

Ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Dámi, tó ń gbé ní Harburg, ní Hamburg, wá fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé lésà ni wọ́n fi tọ́jú èrìgì tòun, iná pupa báyìí, kò dun òun rárá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó di inú ọkọ̀ ojú irin. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ wo eyín nínú dígí, mo tún padà, títí ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ mi fi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Dámi, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ló ṣe ògbufọ̀ fún mi lọ́dọ̀ dókítà tiwọn. Mo ní kó sọ fún un pé lésà ni mo wá ṣe, kó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún àwọn alápatà. Wọ́n sọ Jámánì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kí Dámi tó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, wọ́n ní lésà ò lè dá a ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ là á, wọ́n á fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi lésà kún un. Wọ́n ní ó lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ àwọn ò ṣèlérí."

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀ tó bá wa wá. "Ṣé wọ́n gé ìwọ náà ni?"

"Wọ́n gé mi. Ṣé mo sọ pé wọn ò gé mi ni? Lésà ló dùn ún ròyìn."

Ẹ wá wo ayé! Bí ẹnì kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń tọrọ èènì gàrí láìra kóńgò kan, kí ni mo máa ń sọ fún un? Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ má dáhùn. Èmi náà rèé, mo wọkọ̀ láti Berlin wá tọrọ èènì láìra ọjà.

Mo ní kí Dámi sọ fún dókítà pé kó wọn ọjà fún mi, kó má sì gbàgbé èènì. Ọmọ náà ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn ní Jámánì.

Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tan iná pupa wọn sí i. Ẹ̀kọ mímu ni mo fi gbé ara ró nílé Ìyá Dámi, mi ò lè bú ọ̀rẹ́ mi bó ṣe yẹ, ẹnu wú. Bóyá ọ̀bẹ ló ṣe é, bóyá lésà náà bá a ṣe é, mi ò mọ̀. Eyín mi ò mì mọ́. Ahọ́n nìkan ni kò tíì gbà gbọ́, ó ṣì ń lọ wò ó.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé bí ọ̀rẹ́ bá ń ròyìn ìwòsàn tó rọrùn, ẹ bi í léèrè ibi tó fò. Ẹ̀yin ńkọ́, ìtọ́jú wo lẹ sá fún tí ẹ tún lọ bá a níwájú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ọjà ni kí ẹ kó wá, ẹ má kó èènì nìkan fún wa.