Òkè Tí Nọ́ọ̀sì Basilia Gùn Nítorí Aago Mẹ́rin

Nọ́ọ̀sì Basilia Ccahuana ti kú. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú òjò, ó yọ̀ ṣubú lórí òkè Wayrapata. Kò sí aláìsàn lórí òkè yẹn o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ wá.

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ní abúlé Pukarumi ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ìlera ní olú-ìlú. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹ gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wá sí ilé ìwòsàn wa, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ ọ̀dùnkún wa, ẹ ní ayé ìwé ti tán. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì máa fi ẹ̀rọ náà fi ìròyìn iṣẹ́ òòjọ́ ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ṣèlérí ńkọ́? Ó ń bọ̀. Bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Basilia kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Inú rẹ̀ dùn pé ó ń rán òun létí ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tọ́ sí. Obìnrin tó ń fi èémí ẹnu mú irin àyẹ̀wò lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó gbé e lé àyà ọmọ ni. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi kejì, ó sì bú mi pé mò ń gbọ̀n ju ìyàwó mi lọ. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́ta bá ti lù, á fi aláìsàn sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á gun òkè.

Eleuterio ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí Basilia bá ọ̀gá rẹ̀ sọ lórí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Rédíò àtijọ́ yẹn kò kọṣẹ́ rí.

"Ọ̀gá, òjò ń rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin, aboyún kan, ó tán."

"Màmá, ètò ò gba ohùn. Tí ẹ ò bá fi ránṣẹ́, ilé ìwòsàn yín á pupa lójú kọ̀ǹpútà bí èyí tí kò ṣiṣẹ́."

"Tó bá pupa ńkọ́?"

"Wọ́n á bú mi, Màmá. Ẹ ṣàánú mi."

Ó ṣàánú rẹ̀. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ yín kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹ kú oríire: Pukarumi di àwọ̀ ewé. Bí Basilia ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin méjì wa mọ́tò dé láti ọ́fíìsì yín. A rò pé wọ́n wá kẹ́dùn ni, a ti ń gbé àga. Ẹ̀rọ ni wọ́n béèrè. Ọ̀kan nu ẹrẹ̀ ara ẹ̀rọ náà, ó ní a dúpẹ́, kò fọ́.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ síwèé pé a ti gbà á."

Eleuterio wo bírò náà. "Ta ló máa fọwọ́ síwèé pé ẹ ti gba ìyàwó mi?"

Ẹ wá kọ lẹ́tà sí wa pé ètò ló fà á. Ta ni ń jẹ́ Ètò? Ọmọ ta ni? Ètò ló ní kí arúgbó máa gun àpáta lójoojúmọ́, àbí ẹnìkan tó jókòó sórí àga tìmùtìmù?

Ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo Pukarumi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Orúkọ méjì là ń fẹ́: ẹni tó pàṣẹ aago mẹ́rin láìsí òpó, àti ẹni tó ní kí wọ́n má gba ohùn. Orúkọ ènìyàn tí obìnrin bí. Bí a ò bá gbọ́ ọ, a ò ní dìde.