Kókó Kan Lábẹ́ Irun Alhaja

Bí òjò bá ń rọ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko máa ń dà bí ibi tí èèyàn ń lá àlá sí. Oníbàárà á jókòó láàárín orúnkún mi, oorun á gbé e lọ, ọwọ́ mi nìkan ni yóò máa rìn nínú irun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dirun, síbẹ̀ mi ò tíì rí iṣẹ́ tó ń tù mí lára tó o.

Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni ìka mi kan kókó kan lórí Alhaja. Àlùbọ́sà ni Alhaja ń tà ní Ìyànà Ìbà, èmi nìkan ló sì ń fi orí lé lọ́wọ́. Ṣùkú ló fẹ́ràn, ó sì gbọ́dọ̀ le. "Fà á dáadáa, kó lè pẹ́," lorin rẹ̀. Bí mo bá dì í tán, màá ṣa gbogbo irun tó já, màá kó o lé e lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí irun òun bọ́ sọ́wọ́ ayé. Lọ́jọ́ náà, èyí tó já pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú orí rẹ̀ sì ti ń dán.

"Alhaja, kókó kan wà níbí o. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

Ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. "Ìyá Bọ́lá, ṣé gbogbo irun mi lo máa ń kó fún mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Èmi, kí n wá máa ta irun ọ̀rẹ́ mi? Ṣùgbọ́n ìbínú kò da nǹkan fúnni. Mo ní, "Ẹ máa bínú sí mi, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ."

Nígbà tá a dé ọsibítù, dókítà sọ pé láti ìdí irun ni kókó náà ti hù. Wọ́n gé e, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún ayọ̀.

"Iwájú orí yín ńkọ́?" ni dókítà wí. "Dídì tó le ló ń fa irun yín tu. Ẹ dẹ̀ ẹ́. Òògùn ìpara wà, ọ̀nà tuntun kan sì tún wà: a ó fa ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀, ẹ̀rọ á yí i, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gún díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sórí yín, kí irun lè hù. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o."

Alhaja fò dìde. "Irun mi ò tó, ẹ̀jẹ̀ mi lẹ tún fẹ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó padà sílé, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń ronú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló pè mí pé kí n múra.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n fẹ́ gbé e wọ yàrá kejì tí ẹ̀rọ wà. Alhaja di ọwọ́ mi mú.

"Mọ̀lẹ́bí yín ni?" ni dókítà bi í.

"Onídìrí mi ni. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Bó bá ti wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀."